Àwọn Akọrin Ọkùnrin Morehouse àti Orin Yorùbá Tó Dé Ìlú Atlanta

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ nípa irú orin kan tí ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin wa fẹ́ràn láti máa kọ, èyíinì ni orin àwọn ẹrú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pè ní spirituals. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ó gùn jù. N óò gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wáyé. Ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé wa, bàbá Alhaji kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, a kò ṣe ẹrú ní Amẹ́ríkà. Orin tiwa pọ̀ bí yanrìn etí òkun. Kí ló dé tí ẹ fi ń sun ẹkún ẹlẹ́kún?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹnì kan tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a yọ gbogbo irú orin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ètò wa, kí ó ku ti Yorùbá nìkan. Èmi tí mo ń kọ ohùn básì nínú ẹgbẹ́ náà kò rí nǹkan kan sọ lọ́jọ́ náà ju pé orin náà dùn. Dídùn nìkan kì í ṣe èsì fún àgbàlagbà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni mo kó jọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá náà dé àyè kan. Ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé gbogbo aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó ẹrú tuntun wọ ilẹ̀ wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808. Nígbà yẹn, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró. Ogun Òwu, ikú Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òfin náà. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú nínú ogun wọ̀nyí, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ oríkì òrìṣà ní Bahia àti ní Havana títí di òní, tí a kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú àtijọ́ ní Georgia. Ní ti àwọn tí ó dá orin spirituals sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn wá láti Senegambia, láti Kóńgò àti Àǹgólà, àti láti ilẹ̀ Ìgbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ nìkan so wá mọ́ orin náà yóò ṣe iṣẹ́ lásán.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà nínú àwọn tí ogun wa kó, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n mú ní 1821, tí ó sì bọ́ lóko ẹrú ní 1822. Òun náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nílẹ̀ àjèjì. Àwọn tí à ń pè ní Sàró wọ̀nyí ni wọ́n padà sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n kó ìwé orin àti dùùrù wálé. Nítorí náà, lẹ́bàá òkun kan náà, àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà ń dá orin tiwọn sílẹ̀, àwọn tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú ní Freetown náà sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi èdè Yorùbá kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀nà méjèèjì tó pàdé.

Kí ni orin yìí gan-an? Orin tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ sínú ìwé ni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú Bíbélì ni wọ́n há sórí, ìtàn Mósè, Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, odò Jọ́dánì, wọ́n sì fi í ṣe orin nínú oko òwú, níbi ọkọ̀ títù, àti nínú ìpàdé àdúrà òru. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Èyí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti dé ibi tí a ti ń kọrin rí ní ilẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ìjálá, ìbáà jẹ́ wákà, ìbáà jẹ́ orin aládùúrà.

Frederick Douglass, tí ó jẹ́ ẹrú rí kí ó tó sá lọ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1845 pé ó ya òun lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe rò pé inú ẹrú dùn ni ó fi ń kọrin. Ó ní ìgbà tí ìbànújẹ́ wọn pọ̀ jù ni wọ́n ń kọrin jù. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn ní 1855, ó ṣàlàyé pé nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń kọrin nípa ilẹ̀ Kénáánì, kì í ṣe ọ̀run nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn: ìhà Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí kò ti sí oko ẹrú, ni Kénáánì tí wọ́n ń wí. Ọ̀gá wọn jókòó, ó ń gbọ́ orin ìsìn. Orin òwe ni. Bí a bá sọ èyí fún obìnrin kan tí ó ti bá orogún gbélé rí, kò ní béèrè àlàyé.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni pé ìbéèrè Alhaji wa, àwọn ọmọ ẹrú fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè é. Ní 1866, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ Fisk ní Nashville fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Láàárín ọdún márùn-ún, owó tán, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ pa. Akápò ilé ẹ̀kọ́ náà, òyìnbó kan tí ń jẹ́ George L. White, kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án jọ, ó sì kó wọn jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1871 láti lọ kọrin wá owó. Orin òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ níwájú èrò. Orin àwọn òbí wọn wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kọ ọ́ ní gbangba. Ella Sheppard, tí ń tẹ dùùrù fún wọn, ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ó yá: orin ẹrú rán wọn létí ohun tí wọ́n fẹ́ gbàgbé, ó sì tún jẹ́ ohun mímọ́ fún àwọn òbí wọn, kì í ṣe ohun tí a ń kọ fún èrò ìwòran. Ìtìjú àti ọ̀wọ̀ wà pọ̀ nínú ọkàn kan náà. Ní ìlú Oberlin, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kọ ọ́ níwájú àwọn pásítọ̀ tí ń ṣe ìpàdé, gbogbo ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, orin ẹrú ni àwọn ènìyàn ń sanwó láti wá gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí pé ẹgbẹ́ ni àwa náà, a sì mọ bí owó dídá ṣe rí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, iná ńlá jó ìlú Chicago. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí wọn kò ní owó ọkọ̀ tó dáa, kó owó tí wọ́n rí níbi orin wọn, kò tó 50 dọ́là, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí iná jó nílé. Ní 1872 wọ́n kọrin fún Ààrẹ Grant, ní 1873 wọ́n dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Kí àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà tó tú ká ní 1878, nǹkan bí 150,000 dọ́là ni wọ́n ti rí kó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ilé tí wọ́n fi owó orin kọ́ ṣì wà ní Nashville. Jubilee Hall ni orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Fisk àkọ́kọ́. Bí orin náà ṣe wá di ti àwọn ọkùnrin nìkan, owó àti ẹ̀rọ ló fà á ju ohun mìíràn lọ, ní èrò tèmi. Ènìyàn mẹ́rin rọrùn láti bọ́ àti láti wọ ọkọ̀ ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ayé àtijọ́, tí wọ́n ń kọrin sínú fèrè ńlá kan, ohùn ọkùnrin ni ó tètè ń mú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1909, John Wesley Work Kejì àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti Fisk kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Victor. Ténọ̀ méjì, básì méjì. Láti ìgbà náà ni irú ohùn yìí ti fìdí múlẹ̀, tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sì ń dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe akọrin, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ohùn obìnrin lókè, gbogbo ohùn á súnmọ́ ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ténọ̀ kìíní ni ó ń gbé orin, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n fún ẹnì kan láti dá lé e. Básì kejì ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé. Bí ẹnì kan bá ṣìnà, kò síbi tí yóò sá pamọ́ sí. Nítorí náà, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba ẹni tí ó kàn fẹ́ràn aṣọ ẹgbẹ́. (Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá mọ ara wọn.)

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù wà ní Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó wà láàárín wa yóò fẹ́ gbọ́ ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní 1845, ní ìlú Augusta ní Georgia, àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn ti Àríwá nítorí pé àwọn ti Àríwá kò gbà kí ẹni tí ó ní ẹrú ṣe míṣọ́nnárì. Àwọn tí ó yà yìí ni wọ́n rán Thomas Jefferson Bowen, òun náà ọmọ Georgia, wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Lẹ́yìn náà, ní 1867, ní Augusta yìí kan náà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Springfield Baptist tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Atlanta ní 1879. Ní 1913 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ di òní, Morehouse College. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Martin Luther King Kékeré jáde níbẹ̀ ní 1948.

Ní 1911 ni Kemper Harreld dá ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin Morehouse sílẹ̀, Morehouse College Glee Club. Ó darí rẹ̀ fún ọdún méjìlélógójì. Láti 1927 ni wọ́n ti ń bá àwọn obìnrin Spelman College, tí wọ́n jọ wà ní àdúgbò kan, ṣe ìpàdé orin Kérésìmesì lọ́dọọdún. Ní 1953, Wendell Whalum, ọmọ Memphis tí ó jáde ní Morehouse ní 1952, gba ipò lọ́wọ́ Harreld, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Lábẹ́ Whalum ni ẹgbẹ́ náà kọrin níbi ìsìnkú King ní oṣù kẹrin ọdún 1968, ìsìnkú tí Benjamin Mays, Ààrẹ Morehouse tẹ́lẹ̀, ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1972 wọ́n rin ìrìn àjò orin wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n kọrin níbi ìbúra Ààrẹ Carter ní 1977, àti níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996. David Morrow ni ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Whalum ní 1987. Ọkùnrin mẹ́ta péré darí ẹgbẹ́ kan láti 1911 wọ inú ọ̀rúndún yìí. Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ń pààrọ̀ ọ̀gá akọrin bí aṣọ jọ̀wọ́ gbọ́ o.

Ní 1950, ọmọkùnrin kan láti Àjídò lẹ́bàá Badagry gúnlẹ̀ sí Morehouse. Wọ́n bí i ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1927. Michael Babátúndé Ọlátúnjí ni orúkọ rẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Reader’s Digest ni ó ti ka nípa ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ti àwọn Rotary, ó kọ̀wé, wọ́n mú un. Ìmọ̀ ìjọba ni ó ní lọ́kàn láti kọ́. Nígbà tí ó débẹ̀, ó rí i pé ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju ohun tí wọ́n rí nínú sinimá Tarzan lọ. Wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kìnnìún. Ọmọ tí ó dàgbà létí ìlù wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù àti orin dá wọn lóhùn. Ó jáde ní 1954, ó kọjá sí New York, rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n pè ní Drums of Passion jáde ní 1960, orúkọ rẹ̀ sì kan káàkiri ayé. Àwa ará ilé mọ̀ ọ́n sí onílù. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn akọrin Morehouse ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀.

Ó kọ́ wọn ní orin Kérésìmesì kan ní èdè Yorùbá. “Betelehemu” ni wọ́n ń pè é. Whalum mú un, ó tò ó fún ohùn ọkùnrin, ó fi ìlù sí i. Láti ìgbà náà, orin náà ti di ti Morehouse pátápátá; níbi ìpàdé orin Kérésìmesì wọn lọ́dọọdún, òun ni èrò ń dúró dè. Ẹgbẹ́ akọrin mìíràn kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti girama kọ́ ọ, títí tí ó fi tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ibi tí Badagry wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti dúró lórí ìtàgé láti kọ Yorùbá láti orí, láìka ìwé, kí wọ́n tó kọ spirituals tiwọn tẹ̀ lé e.

Ibi tí orin náà wú mi lórí jù ni mo wá dé yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú ìsìn Yorùbá mọ wàhálà tí mo fẹ́ sọ. Àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ láti inú ìwé orin Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì ni wọ́n fi gbé wọn. Nínú èdè wa, bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Ìlú lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀. Bí ohùn orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ máa gòkè, ẹni tí ń gbàdúrà fún ìlú rẹ̀ á di ẹni tí ń gbàdúrà fún ìlù. Àwa tí a dàgbà sínú rẹ̀ kì í gbọ́ àṣìṣe náà mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí wa. Ẹ kọ ọ́ fún ọmọdé tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ bi í pé kí ni ó gbọ́.

Àwọn àgbà olórin wa rí i, wọ́n sì jà fún un. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì lọ sí London láàárín 1920 sí 1929, ó kọ wọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún Zonophone. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l’Ékòó láti 1914 di 1962, tẹ ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé orin wa kò gbọdọ̀ fi ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin tí ó darí náà, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ni.

Bí mo ṣe gbọ́ “Betelehemu” sí, ọ̀nà tí àwọn àgbà wọ̀nyí là ni ó gbà. Orin náà ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Èyí ni ó fà á tí ọmọ Atlanta tí kò gbọ́ Yorùbá rí fi lè kọ ọ́ kí ó yé wa. “Gb” á lé e lẹ́nu díẹ̀, “ẹ” àti “e” á dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dò, re, mí kò ní yẹ̀, nítorí pé ohùn orin náà ni ó di ọ̀rọ̀ mú fún un. Ní ọjọ́ kan tí mo ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń kọ ọ́, ìyàwó mi nawọ́ orí jáde láti ilé ìdáná, ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn?” Ó rò pé àwọn ará àdúgbò ni.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí èdè wa ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ tí a bí sí Jos gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá bá wọn sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin wa, àwọn ọ̀dọ́ wà ní ìlà ténọ̀ tí wọn kò lè kí bàbá wọn délẹ̀ láìtàsé. Orin tí wọ́n tò ní Atlanta ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu wọn kọ ní Yorùbá tí ohùn rẹ̀ dúró. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi lẹ́yìn ìgbákọrin, ó ní òun fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lórí ẹ̀dà orin náà tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ pé láti ọwọ́ Ọlátúnjí ni ó ti wá, wọ́n sì fi orúkọ Whalum sí i. Ìyẹn ni pé ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Wọn kò sọ pé òun ni ó dá a. Inú mi dùn sí òtítọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó dùn mí pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí mo rí kò fi àmì ohùn kankan sí ọ̀rọ̀ náà. Bí orin spirituals ṣe pàdánù orúkọ àwọn tí ó dá wọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí ó kó orin ẹrú jọ ní 1867, kò sí orúkọ ẹni tí ó dá a lórí ìkankan. Ní 1872, Theodore Seward tí ó kọ orin àwọn ọmọ Fisk sílẹ̀ ṣàkíyèsí pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kò ní fa àti ti nínú: dò, re, mi, so, la nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ohùn márùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ orin tiwa náà ń lò. Bóyá ìdí nìyí tí spirituals kì í fi ń ṣòro fún àwọn akọrin wa láti mú. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbèsè náà kò wà lọ́rùn àwa nìkan, a ti san díẹ̀ nínú rẹ̀. Fẹlá Sówándé, tí wọ́n bí ní 1905, jẹ́ ọmọ akọrin lábẹ́ Phillips ní Kàtídírà Marina kí ó tó lọ sí London. Láti 1945 di 1952 ni ó fi tẹ dùùrù ní Kingsway Hall. Láàárín 1950 sí 1961, ó to ọ̀pọ̀ spirituals fún ẹgbẹ́ akọrin, “Steal Away” wà lára wọn, àwọn kan sì wà tí ó tò fún ohùn ọkùnrin nìkan. Fún dùùrù, ó fi “Go Down Moses” ṣe orin kan, ó sì fi orin ilé wa ṣe òmíràn tí ó pè ní “Obangiji”, ọwọ́ kan náà, àkókò kan náà. Ẹ wò ó dáadáa: aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan jókòó ní Atlanta, ó ń to orin Yorùbá fún ohùn ọkùnrin, ọmọ Yorùbá kan jókòó, ó ń to orin ẹrú Amẹ́ríkà fún ohùn ọkùnrin. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́. Bí a bá yọ orin ẹrú kúrò nínú ètò wa, iṣẹ́ Sówándé ni a yọ. Bí a bá ní Yorùbá nìkan ni kí a máa kọ, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa fún orin Yorùbá náà, láti Morehouse ni ó ti wá.

Sówándé lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard àti ní Pittsburgh, ó sì kú ní Ohio ní oṣù kẹta ọdún 1987. Whalum kú ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ọlátúnjí kú ní California ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2003. Ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ọkùnrin Morehouse tún dúró tì ìlù wọn ní Atlanta, wọ́n kọ orin tí ó kọ́ wọn.